Bí Alert Ṣe Di Ẹlẹ́rìí ní Ọjà Ẹja Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, á máa gbọ́ ìbéèrè kan náà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: "Ṣé ó ti wọlé?" Owó ni wọ́n ń béèrè. Oníbàárà ti tẹ fóònù rẹ̀ tán, ẹja àrọ̀ ti wà nínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ẹlẹ́ja ṣì wà lórí ọ̀rá náà. Omi ẹja ò jẹ́ kó lè fọwọ́ kan fóònù tirẹ̀, ó ti fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù. Bó bá dún pé alert dé, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì pé owó ti wọlé, ọmọ tó wà nítòsí á ka iye tó wọlé sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ ìyá máa tó kúrò lórí ẹja.

Ìyá mi ta ẹja ní Olúwo fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ sì ni mo dàgbà sí. Mo ń kọ èyí nítorí pé mo máa ń gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ pé báńkì ló mú ọ̀làjú wọ ọjà wa. Ẹ̀rọ ni báńkì gbé wá. Òfin tó ń darí ẹ̀rọ náà lórí ìsọ̀, àwọn ìyá wa ló ṣe é, ojú wọn sì rí màbo kí wọ́n tó ṣe é tán.

Ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀rí owó ò ṣàjèjì ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló forí lé. Ní 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé Kòsọ́kọ́ á máa gba ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000 lọ́dọọdún, tàbí dọ́là 1,000. Owó ẹyọ 2,000 ló wà nínú ẹgbàá kan: wọ́n á sín ogójì sórí okùn, àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ á di ẹgbàá. Mílíọ̀nù 4 ẹyọ owó ni wọ́n ń sọ yẹn. Ẹ fojú inú wo iye èèyàn tó máa jókòó láti ka irú owó bẹ́ẹ̀. Kíkà yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Ẹni tó ń san, ẹni tó ń gbà, àti ẹni tó jókòó tì wọ́n tó ń wò, gbogbo wọn ló mọ̀ pé owó ti kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí ìkejì.

Sílè rọ́pò owó ẹyọ, náírà sì gbapò lọ́wọ́ pọ́n-ún àti sílè ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, síbẹ̀ ọ̀nà tí à ń gbà mọ̀ pé ẹnì kan ti sanwó ò yí padà: ẹ kà á lójú mi, kí èmi náà tún un kà lójú yín. Inú tòbí ni ìyá mi ń kó tirẹ̀ sí. Bó bá fẹ́ mú ṣéńjì, á kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn sí oníbàárà. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, mi ò mọ iye tó ń pa lọ́jọ́ kan rí.

Àwìn náà ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Alájàpá tó ń kó ẹja lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Èkó lè gbẹ́rù lónìí, kó sanwó lọ́jọ́ tó bá padà wá. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó jókòó lọ́tùn-ún lósì ló ń bá ìyá rántí. Bí àríyànjiyàn bá dé, Ìyálọ́jà á pe wọ́n, á bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní ìsọ̀ wa ni káàdì alájọ, tó ní ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí alájọ bá gba owó tòní, á fi báírò fa igi sójú ilé òní. Bí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, á kó ìyókù fún ẹni tó dá a.

Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2001. Ìpè ni ọjà kọ́kọ́ ń fi í ṣe: apẹja á pe kó tó gúnlẹ̀, á ní èpìyà ń bọ̀, ìyá á ti wá oníbàárà sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní alert òun ti wọlé, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ni, owó oṣù ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìparí oṣù ni.

Ibi tí ojú wa ò tó ni ohun tó gbé e wọ ọjà ti ṣẹlẹ̀. Ní 2011, NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báńkì pọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní NIP. Kó tó dìgbà náà, owó tó bá ń ti báńkì kan lọ sí òmíràn máa ń pẹ́ lọ́nà, ó lè di ọjọ́ kejì. Ní ti NIP, báńkì ẹni tó ń sanwó á ránṣẹ́ sí NIBSS, NIBSS á gbé e fún báńkì ẹni tó ń gbowó, ìyẹn náà á dáhùn pé òun ti rí i, gbogbo rẹ̀ kò sì ju ká ṣẹ́jú mélòó kan lọ. Òun ló jẹ́ kí oníbàárà lè dúró síwájú ìsọ̀, kí owó rẹ̀ sì dé kó tó ṣí ẹsẹ̀. Ní 2012, lásìkò tí Sanusi Lamido Sanusi jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, wọ́n fi Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò cashless, pé káwọn èèyàn dín ìlò owó bébà kù. Ní 2013, CBN gbé ìlànà jáde fún àwọn aṣojú báńkì, àwọn tí à ń pè ní oní-POS lónìí.

Ìsọ̀ ìyá mi ò tìtorí gbogbo ìyẹn yí padà. Ọdún 2019 ló kọ́kọ́ gba transfer, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ṣe ìnáwó, akáǹtì èmi ọmọ ni wọ́n sì san án sí. Nígbà tí mo sọ fún un pé owó ti dé, ó ní, "Dé sí ibo?"

Oṣù Kejì 2023 ló dáhùn ìbéèrè yẹn fún gbogbo ọjà. Ní 26 oṣù Kẹwàá 2022, Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà, kéde pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún owó àtijọ́ ni 31 oṣù Kìíní 2023, wọ́n tún sún un sí 10 oṣù Kejì. Àwọn èèyàn kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì, tuntun ò jáde. Àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu ATM. Ẹni tó bá fẹ́ gba 10,000 náírà lọ́wọ́ oní-POS lè san 2,000 lé e, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń ta aṣọ lè palẹ̀ ọjà mọ́ kó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹja ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti inú ọ̀sà jáde ní ìdájí, bí kò bá tà títí ọ̀sán, ó di kí wọ́n yan án, owó igi ìdáná á sì tún gorí rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ìyá tí wọn ò ní akáǹtì rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sórí páálí: ti ọmọ, ti ọmọ àbúrò, ti ọmọ ẹni tó jókòó tì wọ́n. Wọ́n fi páálí náà há àárín báàfù méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ohun tí CBN ti ń wá láti 2012 ti di ohun tí kò sí ẹni tó lè sá fún ní Olúwo.

Àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì ò gba gbogbo wa. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ kan. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ra àrọ̀ 8,500 náírà lọ́wọ́ ìyá mi. Ó tẹ fóònù, báńkì rẹ̀ sì fi hàn án pé owó ti kúrò. Fóònù tiwa ò dún. Ó na fóònù rẹ̀ sí wa: "Ìyá, ẹ wò ó, wọ́n ti yọ owó mi o." Ìyá mi ní, "Mo rí i, ọmọ mi, kò tíì wọlé ni." Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ohùn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Obìnrin náà ń ronú oúnjẹ tó yẹ kó ti wà lórí iná. Ìyá mi ń ronú aláròóbọ̀ tí òun gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀, tó ń retí owó tirẹ̀.

Àgbàlagbà kan níbẹ̀, Alhaja tó ti wà lọ́jà kí ìyá mi tó dé, ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní ẹja ò ní lọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tà á fún ẹlòmíràn. Ó ya etí aṣọ kan, ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀rá náà bí ẹni so àrokò, ó gbé e sórí yìnyín. Ó ní kí obìnrin náà jókòó. Ó tó aago méjì ọ̀sán kí fóònù tó dún. Láti ọjọ́ yẹn, ní ọ̀wọ́ ìsọ̀ tiwa, ẹja tí owó rẹ̀ ṣì wà lọ́nà ni ẹja tí aṣọ wà lẹ́nu ọ̀rá rẹ̀. Ẹni tó bá rí i kì í ná an.

Ní 3 oṣù Kẹta 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Owó bébà padà. Páálí ò kúrò láàárín báàfù.

Ìgbà tí a rò pé a ti mọ ọ̀nà ni fake alert dé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra òbòkún ńláńlá, owó rẹ̀ jẹ́ 23,000 náírà. Fóònù dún, orúkọ báńkì wà lókè ọ̀rọ̀ náà, iye náà pé. A kí i pé kó rìn re. Alẹ́ ni mo wo akáǹtì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹnì kan fi ẹ̀rọ ṣe bíi ti báńkì ni. Ìyá mi ò sunkún. Ó jókòó, ó ń ka iye tó ra òbòkún náà lọ́wọ́ apẹja, ó tún un kà. Láti inú irú àdánù báyìí ni òfin kejì ti jáde, tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ìyá tí kò kàwé rárá: má wo àtẹ̀jíṣẹ́, wo balance.

Òfin ìjọba náà ti rin irú ọ̀nà yìí, kì í kàn tètè dé ọjà ni. Láyé ṣẹ́ẹ̀kì, nígbà tí àwọn èèyàn ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí, ìjọba ṣe òfin ní 1977 tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n. Ní ti ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló ṣí ilẹ̀kùn fún un: abala 84 sọ pé adájọ́ lè gbà á bí ẹ̀rí, bó bá dájú pé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣe déédéé, pé ara rẹ̀ dá lásìkò náà, tí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé pé bẹ́ẹ̀ ni. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi hàn ní 2012, nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, pé àwọn ò fi abala yẹn ṣeré: ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọn ò tẹ̀ lé ìlànà náà, wọn ò gbà á. Mo máa ń ronú pé ohun tí Alhaja béèrè lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó rí fóònù obìnrin náà, kò pè é ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ kejì.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Kọ̀ǹpútà ti 2015 wá mú ayédèrú fúnra rẹ̀. Abala 13 rẹ̀ ní ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà ṣe ayédèrú ohun tó fẹ́ káwọn èèyàn gbà pé òótọ́ ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré sílẹ̀ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 lọ, wọ́n sì ní kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Gbèsè ẹja wọ ibẹ̀ dáadáa. Alájàpá tó fi WhatsApp kọ ọ́ pé "Ìyá, mo máa san ìyókù lọ́jọ́ Ẹtì" ti kọ ìwé gbèsè lọ́wọ́ ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rò ó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni ti tòbí. Owó tí ìyá mi ń yí ẹ̀yìn kà, akáǹtì mi ló ń wọ̀ báyìí, mo sì mọ ọ́n dé orí kọ́bọ̀. Mo mọ ọjọ́ tó jèrè, mo mọ ọjọ́ tó pàdánù, mo mọ ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ lówó. Àwọn ìyá mìíràn, ọmọ wọn ti ná nínú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Nígbà tó yá, mo mú ìyá mi lọ ṣí akáǹtì tirẹ̀. Ó tẹ ìka kí wọ́n lè fún un ní BVN, nọ́ńbà tí àwọn báńkì fi ń dá èèyàn mọ̀, ìka náà ò kọ́kọ́ hàn, ìpẹ́ àti ọ̀bẹ ti fọ̀ ọ́ dán. Ìgbà kẹta ló gbà á.

Òfin ti ń bá àwọn oní-POS náà. Ní 2024 ìjọba ní kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn CBN sì ní oníbàárà kan ò gbọ́dọ̀ gbà ju 100,000 náírà lọ lọ́jọ́ kan lọ́wọ́ wọn.

Alájọ ìyá mi wà lára wọn báyìí, ó ti ra agboòrùn, ó ní ẹ̀rọ. Ó ṣì ń yí ká láàárọ̀. Transfer ni ìyá mi fi ń dá àjọ fún un, fóònù alájọ á sì dún lójú wa. Lẹ́yìn náà á tún nawọ́: "Ìyá, ẹ mú káàdì yín wá." Á fa igi sójú ilé òní bó ṣe ń fà á látijọ́. Mo bi ìyá mi pé kí ló tún ń fi káàdì ṣe nígbà tí alert ti wà. Ó ní, "Fóònù lè bọ́ sómi." Ó ká káàdì náà sí méjì, ó tì í sínú tòbí.