Àtẹ́lẹwọ́ Mẹ́rin Lórí Ọ̀dà

Dírẹ́bà kan tó ti ń ná Abuja sí Lokoja láti ọjọ́ pípẹ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Kubwa, ó gba pádì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ti mọ́tò wá. Ó tẹná. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, inú koríko ló bá ara rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, koríko yẹn náà ló tún gbà á lálejò. Ọmọkùnrin tó ń gbowó níbẹ̀ ní, "Dádì, ẹ máa tètè tẹ bíréèkì." Ó ní, "Ta ló ní n kò mọ mọ́tò wà? Mọ́tò yìí ni kò sọ fún mi pé òun fẹ́ yọ̀."

Ẹjọ́ tó rò yẹn gan-an ni ohun tí àwọn tó ń ṣe irú géèmù yìí ń bá yí. Nínú mọ́tò gidi, ìdí tó fi jókòó ni awakọ̀ fi ń mọ̀ pé ẹ̀yìn mọ́tò fẹ́ gbá lọ, kí ojú tó rí i. Sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́, ara á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí á gbọ́ taya tó ń han. Ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kò ní ọ̀kankan nínú wọn àfi èyí tí géèmù bá fún un. Kọ̀ǹpútà ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò, kó tó wá bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ọwọ́ àti etí.

Géèmù mọ́tò ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bìkítà: èèyàn á fi eré burúkú wọ kọ́nà, mọ́tò á kàn fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, á sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Gran Turismo, tí Kazunori Yamauchi àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi nǹkan bí ọdún 5 ṣe, tó jáde fún PlayStation ní Japan ní 1997, ló la ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Toyota, Honda àti Nissan tí à ń rí lójú títì ló kún inú rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á lọ ra mọ́tò àlòkù, á máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé mekáníìkì rìn ní Apo rí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ó tà ju mílíọ̀nù 10 lọ.

Ara taya ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí taya kan fi kan ọ̀dà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ló sì ń gbọ́ bùkátà gbogbo: eré, bíréèkì, kọ́nà. Taya kò lè ná ju ohun tó ní lọ. Tó bá ti ná gbogbo rẹ̀ sórí bíréèkì, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tí yóò fi yí kọ́nà.

Ẹrù tó wà lórí taya kọ̀ọ̀kan kì í sì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Kubwa lọ sí Berger mọ̀ ọ́n: bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo èrò á dà síwájú, tó bá fi agídí yí kọ́nà, ẹni ẹ̀gbẹ́ fèrèsé á di ìrọ̀rí fún ẹni kejì. Bí ìwúwo mọ́tò fúnra rẹ̀ ṣe ń dà nìyẹn. Ibi tó ti díjú ni pé taya tí ẹrù orí rẹ̀ di ìlọ́po méjì kì í di ilẹ̀ mú tó ìlọ́po méjì. Ó máa ń dín díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò tí ẹrù rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fi ń pàdánù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Rọ́bà náà máa ń lọ́. Taya tó ń yí kọ́nà kì í lọ síbi tó kọjú sí gan-an. Dígírì díẹ̀ máa ń wà láàárín méjèèjì. Bí dígírì yẹn ṣe ń pọ̀ ni taya ń di ilẹ̀ mú sí i, títí yóò fi dé góńgó, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Hans Pacejka, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Delft ní Netherlands, wà lára àwọn tó gbé ìṣirò kan jáde fún èyí ní apá ìparí àwọn ọdún 1980. Magic Formula ni wọ́n ń pè é. Ìṣirò náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ ìdí tí rọ́bà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n wọ̀n lára taya gidi ló kàn ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn góńgó yẹn ni wọ́n ti ń mọ géèmù tó dára. Bí agbára taya bá já wálẹ̀ bí ẹni jábọ́ látorí òrùlé, mọ́tò á yọ̀ láìkìlọ̀. Tó bá rọra sọ̀ kalẹ̀, èèyàn á ráyè gbà á padà.

Àsìkò tún wà níbẹ̀. Mọ́tò tó ń sá 200 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bí mítà 55 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ń fi àwòrán 60 hàn láàárín àáyá yẹn, láti àwòrán kan sí èkejì, mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tó mítà kan. Taya ti lè wọ kòtò kó sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nítorí náà ìṣirò kì í dúró de àwòrán. iRacing, géèmù mọ́tò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ń ṣírò nígbà 360 ní àáyá kan; sẹ̀ǹtímítà 15 àti díẹ̀ ni mọ́tò wa yìí ń lọ kí wọ́n tó tún bi taya léèrè.

Ìṣirò tó já fáfá báyìí kò wúlò lórí ọ̀nà tó tẹ́jú bíi dígí, ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ lésà kọjá lórí ọ̀nà ìdíje láti wọn gbogbo ibi tó wú àti ibi tó jìn. Nürburgring ní Jámánì, tí wọ́n ṣí ní 1927, gùn ju kìlómítà 20 lọ, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n gbé lésà yẹn wá sí ọ̀nà Zuba sí Gwagwalada ni, kò sí kòtò tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí lánàá.

Ó wá ku bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ fún ọwọ́. Sítíárìn géèmù tó dára ní ẹ̀rọ kékeré oníná nínú tó ń bá ọwọ́ jà. Taya gidi máa ń fẹ́ dá sítíárìn padà sí àárín, agbára yẹn sì máa ń kọ́kọ́ dín kí taya tó já. Ìkìlọ̀ tí dírẹ́bà wa ń wá nìyẹn. Pádì kò ní in. Gbígbọ̀n nìkan ló mọ̀, àti bọ́tìnnì bíréèkì ti PlayStation 5 tó lè le mọ́ ìka. Pé ẹ̀kọ́ náà ń wọlé, Jann Mardenborough fi hàn: ìdíje Gran Turismo tó borí ní 2011 ló gbé e dédìí mọ́tò gidi, ó sì sáré nínú ìdíje mọ́tò Le Mans ní Faransé ní 2013.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń gba irú géèmù yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dá lórí taya. Gran Turismo 5 ti 2010 kó mọ́tò tó lé ní 1,000 jọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí 800 nínú wọn ni wọ́n gbé wá láti inú àwọn géèmù àtijọ́, ó sì hàn lójú wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ráhùn pé ẹ́ńjìnnì inú Gran Turismo ń dún bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó dun àwọn èèyàn jù ni ti oṣù kẹta 2022: Gran Turismo 7 dákú ju wákàtí 30 lọ lẹ́yìn àtúnṣe kan. Nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì ló fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan, ẹni tó ń dá nìkan ta á nílé ara rẹ̀ kò rí i ta dáadáa. Àtúnṣe yẹn kan náà ló tún dín ẹ̀bùn àwọn ìdíje kan kù, àwọn èèyàn sì ní wọ́n fẹ́ fipá mú àwọn fi owó gidi ra mọ́tò ni. Yamauchi tọrọ àforíjì, wọ́n pín mílíọ̀nù kan owó inú géèmù fún oníkálukú.

Ní ṣọ́ọ̀bù Kubwa, ìyẹn kọ́ ni ìṣòro. Ẹni tó ń sanwó ní ìdíje-ìdíje kò fẹ́ lò ó tán nínú koríko, nítorí náà bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ta jù. Sítíárìn kò sí níbẹ̀; owó rẹ̀ tó ra jẹnẹrétọ̀ mìíràn. Ọmọkùnrin yẹn gba pádì, ó tan àwọn ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ti fi sínú géèmù fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: bíréèkì tí kì í jẹ́ kí taya há, èyí tó ń dín iná kù bí taya bá ń yí lásán, àti ìlà tó ń pọ́n lójú ọ̀nà níbi tó ti yẹ kí wọ́n dẹ̀rọ̀. Ó dá a padà. Dírẹ́bà náà yí kọ́nà àkọ́kọ́, ó yí èkejì, ó yíká tán láìfọwọ́ kan koríko.

Ó ní mọ́tò náà kò sáré mọ́.