Ilẹ̀ Tó Gbé Igbó Ńlá, Kí Ló Dé Tí Kò Lè Gbé Ẹ̀gẹ́ Pẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń rú àwọn àgbẹ̀ lójú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Orù, Àgọ́-Ìwòyè àti gbogbo àyíká wọn. Igi tó wà nínú igbó ọba Omo, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, ga débi pé ènìyàn ní láti gbé ojú sókè gidigidi kí ó tó rí góńgó orí wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bu ajílẹ̀ sí ìdí ọ̀kankan nínú wọn rí. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá ṣán igbó tó dàgbà lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tí ó sun ún, tí ó sì gbin ẹ̀gẹ́ sí i, ọdún àkọ́kọ́ á dára, èkejì á ṣe déédéé, nígbà tí yóò bá fi di ọdún kẹrin, ẹ̀gẹ́ tó ń wú á ti tín-ín-rín, èkan á sì ti máa yọrí láàárín ebè. Òjò kan náà ló ń rọ̀, oòrùn kan náà ló ń ràn, ilẹ̀ kan náà sì ni. Àwọn ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ sábà máa ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Ìbéèrè: Ṣebí ilẹ̀ tó lọ́ràá ni igbó ńlá máa ń hù sí?

Ìdáhùn: Ohun tí ojú rí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ gbígbóná tí òjò pọ̀ sí bíi tiwa, apá tó pọ̀ nínú èròjà tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ kì í gbé inú ilẹ̀. Ara igi, ẹ̀ka, ewé àti gbòǹgbò ló ń gbé. Bí ewé bá re, ikán, ekòló àti olú á jẹ ẹ́, á jẹrà di ilẹ̀dú láàárín oṣù díẹ̀, àwọn gbòǹgbò tó wà nítòsí ojú ilẹ̀ á sì tètè gba ohun tó wà nínú rẹ̀ padà kí òjò tó gbé e lọ. Igbó dà bí oníṣòwò tí gbogbo owó rẹ̀ wà lọ́jà, tí kò sí kọ́bọ̀ nínú àpótí rẹ̀ nílé. Ẹni tó bá rí ọjà rẹ̀ á rò pé ilé rẹ̀ kún fún owó.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ wọ inú igbó tó ti pẹ́, kí ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ihò tó jìn tó orókún, kí ẹ sì fi àdá fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tẹ́jú. Ewé gbígbẹ lẹ ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ewé tó ti ń jẹrà tí funfun olú ta bí òwú sí lára, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀dú tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ilẹ̀dú yìí kì í sábà jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ á yí padà sí pupa, gbòǹgbò á sì dínkù. Ní ìhà gúúsù Ìjẹ̀bú, bí a ṣe ń lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà, iyanrìn ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Amọ̀ tó wà níbẹ̀ pàápàá ti gbó, kò sì lágbára púpọ̀ láti di èròjà mú. Ilẹ̀dú tó wà lókè yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ lọ bí a bá ṣán igbó.

Ìbéèrè: Bí a bá sun igbó, eérú rẹ̀ kì í ha ṣe ajílẹ̀?

Ìdáhùn: Ajílẹ̀ ni lóòótọ́. Èròjà pọtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ wà nínú eérú, ó sì máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù, èyí tó jẹ́ ìdí pàtàkì tí ẹ̀gẹ́ ọdún àkọ́kọ́ fi máa ń ta dáadáa. Ṣùgbọ́n èròjà náítírójìn tó wà nínú ewé àti ẹ̀ka á ti bá èéfín lọ sójú ọ̀run. Èyí tó sì ṣẹ́kù nínú eérú wà lójú ilẹ̀ gbalasa ní àsìkò tí òjò ń bọ̀. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ewé ẹ̀gẹ́ tó bo ilẹ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé oṣù kẹta sí ìkẹrin ni a ń gbìn ín, òjò líle oṣù karùn-ún àti ìkẹfà máa ń bá ilẹ̀ ní ìhòòhò. Omi á gbá eérú lọ sí ibi tó rẹlẹ̀, á sì rin díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ kékeré lè dé.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dáná sun igbó mọ́ rárá, nítorí ẹni tó bá ti fi àdá nìkan palẹ̀ igbó ọlọ́dún mẹ́wàá mọ́ mọ iye agbára tó ń gbà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí a kó igi ńláńlá jọ kí a sun wọ́n, kí a sì fi ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kí ó bo ilẹ̀, àti kí a dáná sí gbogbo oko nínú ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kejì.

Ìbéèrè: Kí ni ilẹ̀ ń ṣe gan-an nígbà tí a bá fi í sílẹ̀ kí ó sinmi?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ púpọ̀ ló ń lọ níbẹ̀. Gbòǹgbò igi àti igbó kéékèèké á wọlẹ̀ jìn ju ti ẹ̀gẹ́ lọ, wọ́n á fa èròjà tó ti rì sísàlẹ̀ padà sókè, ewé wọn tó ń re á sì fi í lélẹ̀. Òjìji wọn á pa èkan, nítorí èkan kò lè gbé abẹ́ òjìji. Ekòló á padà wá, kíkó èèpẹ̀ tí wọ́n ń ṣe láti inú ilẹ̀ sójú ilẹ̀ á sì la ọ̀nà fún omi òjò láti wọlẹ̀ dípò kí ó ṣàn lọ. Àwọn olú tín-ín-tìn-tín kan tún wà tí ojú kò lè rí, tí wọ́n máa ń so mọ́ gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn tí wọ́n sì ń bá a wá èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ̀gẹ́ gbára lé wọn ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn lọ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní irun púpọ̀.

Ewé Akíntọ́lá ló sábà máa ń kọ́kọ́ gba ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ohun tí àkọsílẹ̀ sọ ni pé inú irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló fara pamọ́ sí nígbà tí ó wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1930. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sí èpò burúkú kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá rí ilẹ̀ tí ó bò mọ́lẹ̀ dúdú fún ọdún mẹ́ta mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti ń padà bọ̀ sípò, nítorí ewé rẹ̀ ń re púpọ̀, ó ń tètè jẹrà, ó sì ń lé èkan jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé tata fẹ́ràn rẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde wá jẹ ewé ẹ̀gẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí oko bá ti wà létí rẹ̀, ó yẹ kí a ro àárín wọn mọ́.

Ìbéèrè: Bí kò bá sí àyè láti fi ilẹ̀ sílẹ̀, ṣé ajílẹ̀ inú àpò kò tó?

Ìdáhùn: Ó ń ṣèrànwọ́, mo sì fẹ́ kí àgbẹ̀ tó bá lágbára rẹ̀ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àpò NPK 15-15-15 oníwọ̀n 50 kílò gbé kílò méje ààbọ̀ náítírójìn, ó sì gbé pọtásíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní irú ìwọ̀n kan náà, bí àwọn tó ń ṣe é ṣe ń kà á. Bí ilẹ̀dú kò bá sí tí yóò dì í mú, òjò á gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ kí ẹ̀gẹ́ tó rí i jẹ. Ajílẹ̀ inú àpò tó jẹ́ ti náítírójìn, bíi sọ́fétì amóníọ̀mù àti yúríà, tún máa ń mú kí ilẹ̀ túbọ̀ kan bí a bá ń lò ó lọ́dọọdún láìfi nǹkan mìíràn kún un. Kò sì sí oúnjẹ fún ekòló nínú rẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ dára gan-an, a sì dúpẹ́ pé oko adìẹ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Kí a má ṣe kó o tútù sí ìdí ohun ọ̀gbìn, nítorí yóò jó o. Kí ó kọ́kọ́ jẹrà dáadáa. Bí a bá pò ó pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ inú àpò, ìdajì ajílẹ̀ tí a ìbá rà lè ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ju odindi rẹ̀ nìkan lọ lórí ilẹ̀ tó ti ṣá.

Ìbéèrè: Níbo gan-an ni oúnjẹ ilẹ̀ wa ń lọ?

Ìdáhùn: Apá kan ń bá òjò lọ. Apá kejì ń bá gààrí lọ. Gààrí Ìjẹ̀bú tó ń lọ sí Èkó àti ibòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ìyẹ̀fun, ohun tí ewé ẹ̀gẹ́ sì fi ṣe ìyẹ̀fun ni omi àti afẹ́fẹ́, nítorí náà èyí nìkan kì bá tí fi bẹ́ẹ̀ pa ilẹ̀ lára. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ibi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn ibi ìyan gààrí èyíkéyìí, ẹ ó rí òkìtì èèpo tí eṣinṣin bò, tí omi dúdú ń sun lábẹ́ rẹ̀, tí koríko ìtòsí rẹ̀ sì ti kú. Pọtásíọ̀mù tí ẹ̀gẹ́ kó jáde láti inú oko mẹ́wàá tàbí ogún ló ń jẹrà dànù lójú kan ṣoṣo yẹn, nígbà tí àwọn oko náà ń pọ̀ǹgbẹ rẹ̀.

Mo ka èyí sí àdánù tó ṣeé yẹra fún jù lọ nínú gbogbo ohun tí à ń sọ yìí. Kí a tẹ́ èèpo náà ní ìpele kan, ìgbẹ́ adìẹ ní ìpele kejì, kí a fi koríko gbígbẹ sáàárín, kí a bo òkìtì náà nítorí òjò, kí a sì máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, yóò di ohun dúdú tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀gẹ́ wá láti oko sábà máa ń padà lófìfo. Òun ló yẹ kó gbé e lọ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí oko obì ní Rẹ́mọ kì í ṣá bíi ti ẹ̀gẹ́?

Ìdáhùn: Nítorí pé oko obì ṣì jọ igbó. Ní Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù, igi obì gbànja máa ń wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ewé rẹ̀ ń re sí ìdí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọ ebè lábẹ́ rẹ̀, ohun tí a sì ń gbé kúrò níbẹ̀ kò ju obì lọ.

Ìbéèrè: A gbọ́ pé ìmọ̀ kan wà tí a fi lè gbin igi àti oúnjẹ pọ̀. Èéṣe tí a kò fi rí i ní oko wa?

Ìdáhùn: Ó wà. Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbóná tó wà ní Ìbàdàn, tí B. T. Kang jẹ́ aṣáájú nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí gbin àgúnmánìyè àti igi Leucaena ní poro tó jìnnà síra, wọ́n sì ń gbin àgbàdo sáàárín. Àwọn igi wọ̀nyí ń fi ìdí wọn mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára gbòǹgbò wọn. Wọ́n á rẹ́ ẹ̀ka wọn, wọ́n á sì tẹ́ ewé rẹ̀ sí ìdí àgbàdo. Ìmọ̀ náà ṣiṣẹ́ lójú oko ìwádìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àgbẹ̀ tó gbà á. Rírẹ́ ẹ̀ka bọ́ sí àsìkò tí iṣẹ́ oko ń wọ́ni lọ́rùn, bí ẹnì kan bá sì fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ díẹ̀, igi á bo oúnjẹ mọ́lẹ̀.

Ìdí kejì ló ká mi lára jù. Láàárín Yorùbá, ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ ti fẹ́ sọ pé òun ní ìpín níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí onílẹ̀ fi máa ń kìlọ̀ fún àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ pé kí ó gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kí ó má dán igi wò. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi àkóso ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, síbẹ̀ lójú oko, ẹbí ló ṣì ń pinnu. Báyìí ni ẹni tó ń dáko kò ṣe ní àṣẹ láti tún ilẹ̀ ṣe, tí ẹni tó ní àṣẹ kò sì sí lóko. Kò yẹ kí èyí kọjá àtúnṣe. Bí àdéhùn bá wà lórí ìwé pé onílẹ̀ ló ni igi, tí a sì fún ayálégbé ilẹ̀ ní ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà dípò ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù kò ní ba onílẹ̀, àgbẹ̀ náà á sì rí ìdí tí yóò fi ṣe lálà.

Ìbéèrè: Ọdún méjì péré ni wọ́n fún mi ní ilẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má gbìyànjú igi. Ẹ gbin ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàkùn rẹ̀ máa ń bo ilẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ní àsìkò tí ewé ẹ̀gẹ́ kò tíì lè bò ó, nítorí náà òjò kò ní máa lu ilẹ̀ lásán, ìlò ọkọ́ fún oko ríro á sì dínkù. Àwọn bàbá wa ń ṣe é kí oníwádìí kankan tó kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi tí èkan bá ti gbalẹ̀, wèrèpè tí kì í yún ni dára láti fi pa á. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló fi gba oko wọn padà lọ́wọ́ èkan. Àárín àgbàdo tó ti tó nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ má gbìn ín sáàárín ẹ̀gẹ́, nítorí yóò gùn ún, yóò sì fún un pa. Èso rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ tí a kàn ń sè jẹ bí ẹ̀wà.

Bí oko yín bá dagun, kí ebè yín dábùú ìdagun náà. Nígbà tí ẹ bá sì wú ẹ̀gẹ́ tán, ẹ fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ lóko, nítorí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ kò bá ní fi ṣe irúgbìn, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kí ẹ tẹ́ ẹ sí àárín poro, èyí tí àrùn bá wà lára rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kó jáde lọ sun.