Ṣéènì Yìnyín fún Jíìpù Ńlá: Kí Ló Jẹ́, Báwo La Ṣe Ń Lò Ó?

Ṣéènì yìnyín ni ẹ̀wọ̀n irin tí a ń dè mọ́ táyà ọkọ̀ nígbà tí yìnyín bá bo títì. Rọ́bà táyà máa ń di ọ̀dà gbígbẹ mú dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá bọ́ sórí yìnyín tí ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí sórí omi tó ti dì, kò rí nǹkan dì mú mọ́. Irin tó gba ojú táyà kọjá yìí ló máa ń gún yìnyín náà wọlé, bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀ ṣe ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gún ilẹ̀ kó má baà yọ̀ ṣubú. Harry Weed, ará Canastota ní ìpínlẹ̀ New York, ni ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 1904. Títí dòní, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tíì yí padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé jíìpù ńlá tó ní fọ́ọ̀-wíìlì kò nílò ṣéènì. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Fọ́ọ̀-wíìlì ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ni jíìpù fi ń gbéra níbi tí ọkọ̀ kékeré ti há, tó sì fi ń gun òkè wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ká dúró, kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gbogbo ọkọ̀, àtèyí tó ní fọ́ọ̀-wíìlì àtèyí tí kò ní, ló ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí táyà bá sì ṣe di ilẹ̀ mú tó ni wọ́n ṣe lè dúró tó. Jíìpù bíi Chevrolet Tahoe wúwo ju 2,300 kìlógíráàmù lọ kí èrò tó wọ inú rẹ̀. Ìwọ̀n yẹn kì í jẹ́ kó tètè dúró lórí yìnyín, tó bá sì yọ̀, ohun tó bá kọlù yóò jìyà púpọ̀. Ẹni tó fi fọ́ọ̀-wíìlì gun òkè kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé òun máa sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ jíìpù ńlá ti le ju ti ọkọ̀ kékeré lọ ni àlàfo tó wà lẹ́yìn táyà. Rímù àwọn jíìpù òde òní tóbi, 20 ínǹṣì, 22 ínǹṣì, táyà sì máa ń súnmọ́ ṣọ́kì, rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì, àti wáyà ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há gán-ín nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Bí ṣéènì bá nípọn jù, tàbí tí kò fún dáadáa, yóò máa na gbogbo nǹkan wọ̀nyí bí táyà ṣe ń yí. Tó bá já, ó lè gé rọ́bà bíréèkì lójú ẹsẹ̀, lórí òkè tó ń yọ̀. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, SAE, ṣe pín ṣéènì sí ọ̀wọ́: S, U àti W. Ọ̀wọ́ S wà fún ọkọ̀ tí àlàfo rẹ̀ kéré: kò ní nílò àlàfo tó ju 37 mìlímítà lọ lókè ojú táyà, àti 15 mìlímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níhà inú. Ọ̀wọ́ U nílò 50 mìlímítà lókè àti 23 lẹ́gbẹ̀ẹ́. W nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ìwé atọ́nà tó bá ọkọ̀ wá ni ẹ ó ti rí èyí tí ọkọ̀ yín gbà. Ìwé àwọn jíìpù kan yóò ní S nìkan. Ti àwọn mìíràn yóò ní kí a má fi ṣéènì kankan sára táyà tó tóbi jù nínú èyí tí wọ́n ń tà mọ́ ọkọ̀ náà. Ìwé yẹn náà ni yóò sọ bóyá iwájú tàbí ẹ̀yìn la ó dè é sí. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ méjì péré ń wà, ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni. Ti fọ́ọ̀-wíìlì yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀, ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín ṣe tiyín. Bí ìwé bá gbà á, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dára jù, torí ṣéènì iwájú nìkan lè jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn nìkan, ọkọ̀ lè kọ̀ láti yà nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà la fi ń ra ṣéènì. Bí ó bá jẹ́ 275/55R20, fífẹ̀ táyà jẹ́ 275 mìlímítà, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, rímù sì jẹ́ 20 ínǹṣì. Ẹni tó bá ra ti 275/60R20 fún un ti ra èyí tó gùn jù. Bí èyí tí ẹ rà kò bá wọlé, ẹ má tú afẹ́fẹ́ táyà kó lè wọlé. Ẹ dá a padà.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń dè é nílé, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, lọ́sàn-án, kí òtútù tó mú. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó má lọ́, ẹ gbé e lé táyà, kí ìkọ́ rẹ̀ kọjú síta kó má baà gún rọ́bà. Ìkọ́ inú la ń kọ́kọ́ so, lẹ́yìn náà ti ìta, kí a tó fà á le. Tí ẹ bá wá wà lójú ọ̀nà, ẹ kúrò lórí títì pátápátá, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Lẹ́yìn ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ ẹ dúró kí ẹ tún un fà, nítorí ó máa ń dẹ̀ lẹ́yìn tí táyà bá ti yí fúngbà díẹ̀.

Ní California, lójú ọ̀nà I-80 tó gba Donner Summit kọjá, níbi tó ga ju 7,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, pátákó ni yóò sọ ohun tí òfin ń bèèrè. R1: táyà yìnyín, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe fún ojú yìnyín, tàbí ṣéènì. R2: gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ de ṣéènì, àyàfi fọ́ọ̀-wíìlì tó ní táyà yìnyín lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà sì gbọ́dọ̀ gbé ṣéènì dání. R3: kò sí àyàfi. Àwọn kan máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń bá ènìyàn dè é fún owó, pẹ̀lú báàjì onínọ́ńbà láyà wọn, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí wọ́n ta ṣéènì fún yín tàbí kí wọ́n fi yá yín. Eré tí òfin gbà níbẹ̀ jẹ́ máìlì 25 tàbí 30 ní wákàtí kan. Bí ìwé ṣéènì yín bá dá iye tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tìyẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Tí ẹ bá ti dé ibi tí ọ̀dà ti hàn, tí pátákó sì ti ní ìlànà ṣéènì parí, ẹ wá ibi tó láàyè, ẹ tú u. Ọ̀dà gbígbẹ ń jẹ irin ṣéènì, ó sì máa ń já. Nílé, ẹ fi omi lásán fọ iyọ̀ ojú ọ̀nà kúrò lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ sì yẹ ìdè rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti tín-ín-rín tàbí tó ti tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tún kó o sínú ọkọ̀.