Káàdì Gíráfíìkì Tuntun Tó Ń Kú: Ìgbà Tó Kú Ló Ń Sọ Ibi Tí Àrùn Wà

Kíki káàdì gíráfíìkì bọ inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, a kò sì ní pẹ́ lórí ìyẹn níbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni ìgbà tí káàdì bá ti wọlé tán, tí wọ́n ti dé kéèsì padà, tí ojú mọ́nítọ̀ wá ṣókùnkùn, tàbí tí gbogbo ẹ̀rọ ń kú pii láàárín géèmù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbà lójú ẹsẹ̀ pé káàdì ló bàjẹ́, wọ́n á dá a padà, wọ́n á gba òmíràn, òun náà á sì máa kú bákan náà. Ibi tí àrùn wà kọ́ ni wọ́n ti ń wá a.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ìgbà wo gan-an ló kú? Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì títí dé àárín géèmù tó wúwo, nǹkan mẹ́ta ni káàdì gbára lé. Mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, ló kọ́kọ́ ń dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ni driver, ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, á gba ìdarí rẹ̀. Páwà páàkì, àpótí onírin tó ń sọ iná ara ògiri di iná 12 fólítì, ló ń bọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ni agbára rẹ̀ ń hàn. Ibi tí ìrìn àjò yìí bá ti já ló ń tọ́ka sí ẹni tó jẹ̀bi.

Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣókùnkùn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù kò tilẹ̀ yọjú, ẹ má tíì ronú kan driver, nítorí kò tíì sí driver kankan lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà: ṣé ara káàdì ni wọ́n ki wáyà HDMI tàbí DisplayPort sí, àbí ara mọ́dábọ́ọ̀dù? Bí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá jẹ́ ti Intel tí orúkọ rẹ̀ parí sí F, kò ní gíráfíìkì tirẹ̀, nítorí náà ihò ara mọ́dábọ́ọ̀dù kò lè gbé nǹkan kan jáde. Bí CPU bá ní gíráfíìkì tirẹ̀, àwòrán lè yọ, ṣùgbọ́n géèmù á máa falẹ̀ bí ìgbín, wọ́n á wá ní káàdì tuntun ò dáa, nígbà tó jẹ́ pé káàdì náà ò tíì ṣiṣẹ́ rárá.

Ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù òde òní ní iná kéékèèké mẹ́rin ní etí kan, tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí lára. Bí kọ̀ǹpútà bá dúró sórí VGA, mọ́dábọ́ọ̀dù kò rí káàdì nìyẹn. Ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ẹ yọ káàdì, kí ẹ sì tún un kì títí ìkọ́ ẹ̀yìn ihò PCIe, ihò tí káàdì ń wọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, á fi dún kẹ́. Káàdì ńlá máa ń tẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀. Bákan náà, síkúrù tí wọ́n fi dè é mọ́ kéèsì lè fa orí rẹ̀ wálẹ̀ kí ìdí rẹ̀ sì gbé sókè díẹ̀, díẹ̀ náà sì tó láti já ìsopọ̀. Bó bá jẹ́ pé wáyà ìsopọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní riser ló wà láàárín káàdì àti mọ́dábọ́ọ̀dù, tí riser náà jẹ́ PCIe 3.0 ṣùgbọ́n tí káàdì jẹ́ PCIe 4.0, káàdì àti mọ́dábọ́ọ̀dù á gbìyànjú láti sáré ju bí wáyà ṣe lè gbà lọ. Gen 3 ni kí ẹ fi ihò náà sí nínú BIOS, ètò inú mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé. Bí kò bá sí àwòrán tí ẹ fi lè dé inú BIOS, ẹ dá káàdì àtijọ́ padà síbẹ̀, kí ẹ tún BIOS ṣe pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́.

Fáànù káàdì tí kò yí kì í ṣe àmì àìsàn. Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ káàdì kí fáànù wọn má yí títí ooru á fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 50 sí 60 lórí Celsius.

Ọ̀rọ̀ driver kò gùn. Bí àmì mọ́dábọ́ọ̀dù bá yọ, tí Windows bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí ojú mọ́nítọ̀ wá ṣókùnkùn, ẹ wọ Safe Mode. Driver ìpìlẹ̀ ti Microsoft ni Safe Mode ń lò, torí náà bí àwòrán bá yọ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí káàdì àti ihò rẹ̀ wà ní àlàáfíà, kó jẹ́ pé driver àtijọ́ ló ń bá tuntun jà. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kí Windows má bàa fi tirẹ̀ sí i lẹ́yìn yín, ẹ fi DDU (Display Driver Uninstaller), ètò tó ń yọ driver, gbá ti àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ wá fi èyí tí ẹ gbà láti ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe GPU náà, ọpọlọ inú káàdì, sí i.

Èyí tó kù ló gba àròjinlẹ̀. Kọ̀ǹpútà tàn, Windows wọlé, fídíò ń lọ láìsí wàhálà. Wọ́n ṣí géèmù, kò pẹ́, gbogbo rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ni ín á wo ara páwà páàkì rẹ̀, á rí 650 wáàtì. Á ṣírò: káàdì 300, CPU 125, ìyókù 50, àpapọ̀ 475. Ó ṣì ku 175 wáàtì nílẹ̀, nítorí náà á ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná. Ìṣirò yìí ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ káàdì gíráfíìkì, ó sì burú nítorí pé kò sí àṣìṣe nínú ìròpọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n rò pọ̀ ni kò tọ̀nà. 300 wáàtì tó wà lára páálí káàdì jẹ́ ohun tó ń jẹ bí wọ́n bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba sórí àkókò. Kì í ṣe ohun tó ń jẹ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Nínú GPU, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ka ìṣirò ló ń jí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí àwòrán tuntun bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń sinmi bó bá parí, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, iná tí káàdì 300 wáàtì ń fà lè fò sókè títí dé nǹkan bí ìlọ́po méjì, kó sì tún bọ́ sílẹ̀. Okùn kànga ló fi jọ. Korobá tí okùn kan lè gbé láti àárọ̀ dalẹ́ bí wọ́n bá ń fà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, okùn yẹn náà lè já mọ́ ọn bí wọ́n bá já a gbà lójijì, bẹ́ẹ̀ omi inú korobá kò pọ̀ sí i. Ẹni tó wọn korobá nìkan kó tó ra okùn kò tíì mọ ọwọ́ tí yóò máa fà á. Páwà páàkì tún wá ní ohun tí okùn kò ní: ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń wo bí okùn ṣe ń le sí, bó bá rí i pé ó fẹ́ já, á jọ̀wọ́ rẹ̀. Korobá á já sínú kànga, omi á dànù, ṣùgbọ́n okùn á wà fún ọ̀la.

OCP (Over Current Protection) ni wọ́n ń pe ẹ̀ṣọ́ yìí. Kíkú tí kọ̀ǹpútà kú yẹn kì í ṣe pé páwà páàkì bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa: láìsí i, wáyà á gbóná, nǹkan á sì jó. Àléébù ètò náà ni pé páwà páàkì kò ní ẹnu. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà, kò sí ọ̀nà tó fi lè sọ fún Windows pé èmi ni mo pa iná, ìdí tí mo fi pa á sì rèé. Bí Windows bá padà dé, ohun tó ń kọ sínú Event Viewer, àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú Windows, ni Kernel-Power 41, àwọn èèyàn á sì máa wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri. Kò ju pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń kà á gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò àrùn ń fi àkókò ṣòfò. Àwọn ètò bíi GPU-Z àti HWiNFO náà kò lè rí ìfòsókè yìí, torí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń yọjú wo ìwọ̀n iná.

Bí ẹ̀rọ ṣe kú ló ń sọ̀rọ̀ dípò páwà páàkì. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú pátá, tí bọ́tìnnì iwájú kò sì jí i àfi tí ẹ bá pa swíìṣì ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan kí ẹ tó tún tàn án, ẹ̀ṣọ́ inú páwà páàkì ló ṣiṣẹ́. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣókùnkùn ṣùgbọ́n tí ohùn géèmù ṣì ń dún, tí fáànù káàdì ń pariwo, káàdì nìkan ló já kúrò: ẹ wo wáyà iná rẹ̀ àti ihò rẹ̀. Bí ó bá ṣókùnkùn díẹ̀ tó tún padà, tí Event Viewer kọ 4101, Windows ló dúró de GPU fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kò gbọ́ èsì, ó sì tún driver bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí, ẹ mú gbogbo overclock, ìyẹn mímú káàdì sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, kúrò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Àyẹ̀wò tó dára jù fún ọ̀rọ̀ iná kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ ṣí MSI Afterburner, ètò tí wọ́n fi ń tún ìwọ̀n káàdì ṣe, ẹ fa power limit, òpin iná tí káàdì lè jẹ, wálẹ̀ sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì fi ìdíwọ̀n 60 sórí iye àwòrán géèmù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún káàdì NVIDIA oní 300 wáàtì, ẹ lè kọ nvidia-smi -pl 210 sínú Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ administrator, bí káàdì náà bá gba ìwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ṣe géèmù tó máa ń pa á. Bí kò bá kú mọ́, ẹ dá a padà sí 100. Bó bá tún kú, ọ̀nà ìwádìí ti dín sí méjì: iná tàbí ooru. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì, kí ẹ wo ìwọ̀n ooru GPU bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ooru kò bá pọ̀, iná ló kù.

Kí ẹ tó ra páwà páàkì tuntun, ẹ wo wáyà. Ihò PCIe fúnra rẹ̀ lè fún káàdì ní 75 wáàtì péré. Ìyókù ń gba ojú wáyà olórí 6 tàbí 8 kọjá (píìnì inú ẹnu wáyà ni a ń pè ní orí): olórí 6 jẹ́ 75 wáàtì, olórí 8 jẹ́ 150. Ohun tó wuni níbẹ̀ ni pé wáyà 12 fólítì mẹ́ta náà ló sábà máa ń wà nínú olórí 6, mẹ́ta kan náà ló sì wà nínú olórí 8. Orí méjì tó lé kò gbé 12 fólítì kankan. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀nà ìpadà iná, èkejì jẹ́ àmì tí káàdì ń fọwọ́ kàn láti mọ̀ pé wáyà tó lè gbé 150 ló wà lẹ́nu òun. Ìlérí ni orí náà jẹ́, ìlérí ọ̀hún sì ń gbára lé pé ẹni tó ṣe wáyà ṣe é nípọn tó.

Ìdí nìyí tí wáyà kan tó yà sí ẹnu méjì kò fi dára fún káàdì tó ń jẹ iná púpọ̀. Ẹnu méjèèjì á sọ fún káàdì pé 300 wáàtì wà, ṣùgbọ́n wáyà 12 fólítì mẹ́ta péré ló padà sí páwà páàkì. 300 wáàtì lórí 12 fólítì jẹ́ 25 ámpù, ó ju 8 lọ lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ìfòsókè tó dé. Bí ẹ bá lo wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ámpù inú wáyà kọ̀ọ̀kan á dín sí ìdajì, ooru rẹ̀ á sì dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ káàdì tó ń kú ló ti jí nípa àyípadà yìí nìkan. Ṣùgbọ́n wáyà tó bá páwà páàkì náà wá ni kí ẹ lò. Ẹ má yá ti páwà páàkì mìíràn, bó tilẹ̀ wọlé: ẹnu tó lọ sí ara káàdì bá ìlànà mu, èyí tó lọ sí ara páwà páàkì kò ní ìlànà kankan, ó sì lè gbé 12 fólítì lọ síbi tí kò yẹ kó dé.

Fún 12VHPWR, ẹnu kékeré olórí 16 tó lè gbé 600 wáàtì, ẹ tì í títí kò ní sí àlàfo kankan, ẹ má sì ká wáyà rẹ̀ nítòsí ẹnu. Èyí tó wọlé lábọ̀ ló ń gbóná tó fi ń yọ́. Àtúnṣe rẹ̀, 12V-2x6, gé orí àwọn píìnì àmì kúrú, kí káàdì má bàa rí àmì gbà bí ẹnu kò bá wọlé tán.

Bó bá wá di dandan láti ra páwà páàkì, ẹ má fi àmì 80 PLUS Gold ṣe ẹ̀rí pé ó lè fara da ìfòsókè. Iye iná ara ògiri tó ń ṣòfò di ooru nìkan ni àmì yẹn ń wọ̀n. ATX 3.0, ìlànà tó jáde ní 2022, ni ẹ ó wá. Ó béèrè pé kí páwà páàkì tó ní ẹnu 12VHPWR lè fara da ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ fún 100 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí ìlànà náà dé, káàdì ti ń fò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn tó ra páwà páàkì tó dára ṣáájú rẹ̀ ló sì jẹ ìyà ìdádúró yẹn.

Ìgbà wo wá ni káàdì fúnra rẹ̀ jẹ̀bi? Ẹ wo ojú BIOS. Bí àwọ̀ tí kò yẹ, ìlà tàbí ẹ̀ka onígun mẹ́rin bá ń hàn níbẹ̀, níbi tí kò tíì sí driver àti níbi tí káàdì kò tíì ṣe iṣẹ́ tó wúwo, ẹ yí wáyà mọ́nítọ̀ padà, kí ẹ sì ki káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní páwà páàkì tirẹ̀. Bí nǹkan náà bá tún hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé mẹ́mórì orí káàdì tàbí GPU ló bàjẹ́, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i nílé. Ẹ ya fọ́tò ojú BIOS yẹn, ẹ dá káàdì padà sínú àpò tó bá a wá, kí ẹ sì fi àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á.