Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àròjinlẹ̀ àti ìwà tó tọ́ ní kíláàsì yunifásítì

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì àròjinlẹ̀ àti ìwà tó tọ́ sábà máa ń múra láti kọ ohun tí olùkọ́ bá sọ sílẹ̀, kó sì dà á jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, yóò rí i pé ohun tó wà láti kọ sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ìbéèrè méjì ni wọ́n ń gbé kiri níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àkọ́kọ́ ni, "Kí ló mú ọ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Èyí rọrùn díẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní ìdí tó lè tọ́ka sí. Èkejì ló máa ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́: "Kí lo lè rí tí wàá fi gbà pé o ṣìnà?"

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi eré kan tí Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 1960 ṣí ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ á kọ nọ́ńbà mẹ́ta sójú pátákó: 2, 4, 6. Á ní òfin kan wà tí àwọn nọ́ńbà yìí ń tẹ̀ lé, kí kíláàsì wá a rí. Ẹnikẹ́ni lè dá nọ́ńbà mẹ́ta tirẹ̀, òun á sì sọ bóyá ó bá òfin mu. Ẹnìkan á ní 8, 10, 12. Ó bá a mu. Ẹlòmíràn á ní 20, 22, 24. Ó tún bá a mu. Kò ní pẹ́ tí ariwo á fi sọ: "Méjì-méjì ni wọ́n fi ń lé sí i!" Olùkọ́ á mi orí pé rárá. Gbogbo ohun tí òfin náà wí ni pé kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tóbi ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. 1, 7, 500 náà bá a mu, àmọ́ kò sẹ́ni tó dán irú rẹ̀ wò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn dáadáa. Àwọn ọmọ kíláàsì kò ṣọ̀lẹ, wọ́n yẹ èrò wọn wò lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n mọ̀ pé yóò gbè wọ́n lẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń wá. Ká ní ẹnìkan dá 1, 2, 3, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán lójú ẹsẹ̀, torí bó bá jẹ́ méjì-méjì ni lóòótọ́, ó yẹ kí olùkọ́ ní rárá. Iṣẹ́ tó kù nínú ẹ̀kọ́ náà, ká má parọ́, kò ju kí èèyàn kọ́ bí a ṣe ń dá "1, 2, 3" sí èrò ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti máa sọ: àwọn tó ń jókòó níwájú ló ń yege jù, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ yege lọ jókòó síwájú. Ìdí wà níbẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Stephen Toulmin, onímọ̀ ọgbọ́n orí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́ka sí i lọ́dún 1958 pé afárá kan máa ń wà láàárín méjèèjì, èyí tí olùsọ̀rọ̀ kì í sábà dárúkọ. Afárá tó wà níhìn-ín ni pé ìjókòó iwájú ló ń mú wọn yege. Ṣé òótọ́ ni? Ó lè jẹ́ pé àwọn tó ti ń kàwé tẹ́lẹ̀ ló ń sáré lọ gba ìjókòó iwájú. Bí afárá bá já, bí ìdí ti wù kó lágbára tó, kò lè gbé ìparí ọ̀rọ̀ dúró.

Tó bá wá kan ìwà tó tọ́, ẹ̀rí nìkan kò tó mọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Àpẹẹrẹ tí Philippa Foot, onímọ̀ ọgbọ́n orí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lọ́dún 1967 ni kò sí kíláàsì tí kì í ti í jáde: ọkọ̀ ojú irin kan ń sáré lọ, kò ṣeé dá dúró, òṣìṣẹ́ márùn-ún wà lójú ọ̀nà rẹ̀, awakọ̀ sì lè yà á sí ibi tí ẹnìkan ṣoṣo wà. Àwọn tó pọ̀ jù á ní kó yà á. Olùkọ́ á wá yí i padà bí Judith Jarvis Thomson, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, ṣe yí i: bó bá jẹ́ pé èèyàn sísanra kan lo máa tì látorí afárá kí ọkọ̀ náà lè dúró ńkọ́? Àwọn yìí kan náà á ta kété. Ẹ̀mí márùn-ún sí ẹ̀mí kan ṣì ni, kí ló wá yí padà? Ẹni tó ní ibi tí nǹkan máa já sí lòun ń wò ní láti ṣàlàyé ìdí tí òun fi kọ̀. Ẹni tó bá fara mọ́ Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì tó kọ̀wé lọ́dún 1785 pé a kò gbọdọ̀ sọ èèyàn di irinṣẹ́ lásán, ní láti sọ ohun tó jẹ́ kó gbà pé kí awakọ̀ yà á.

Kékeré kọ́ ni wọ́n ti lo àpẹẹrẹ yìí, ó sì ti ń di àlọ́ tí kò kan ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ló ń múni ronú jù. Lọ́dún 1932, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lórí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600. Àrùn sífílísì wà lára 399 nínú wọn. Wọn kò sọ òótọ́ àìsàn wọn fún wọn, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń bà wọ́n jẹ́ ni. Kí ọdún 1950 tó dé ni pẹnisílínì ti di oògùn rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò fún wọn. Ọdún 1972 ni ìwádìí náà tó dúró, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn tú àṣírí rẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà olùkọ́ á yan akẹ́kọ̀ọ́ kan láti rojọ́ bí àwọn olùwádìí ṣe máa rò ó. Èyí máa ń bí àwọn kan nínú, àmọ́ ó ní èrè. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á ní kò sí ìwòsàn gidi kan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àti pé ìmọ̀ náà máa gba ẹ̀mí àwọn mìíràn là. Ẹnìkan á bi í: lẹ́yìn tí oògùn wá dé ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti wó. Ká tiẹ̀ ní ìdí àkọ́kọ́ dúró rárá, ohun tó gbé e ró ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, kò sì sẹ́ni tó padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, kò sí ohun tó sọ irọ́ tí wọ́n pa fún wọn di ẹ̀tọ́.

Ní ti máàkì, kò yẹ kí ẹ̀gbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí kan olùkọ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó sọ èrò alátakò rẹ̀ lọ́nà tí alátakò náà á fi ní, "Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn," kó tó dá a lóhùn. Àwọn olùkọ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbà pẹ̀lú wọn ló ń yege. Àwọn ọmọ tètè máa ń gbọ́ òórùn ìyẹn, látìgbà náà lọ ohun tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́ ni wọ́n á máa kọ.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn níbòmíràn ni pé wọ́n á dá àròkọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ padà fún ẹni tó kọ ọ́, wọ́n á ní kó kọ èsì takò ó. Ojú ìwé á wá kún fún ìlà pupa. Èyí tó sì pọ̀ jù nínú gbólóhùn tí wọ́n ń fa ìlà sí ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé..."