Kì í Ṣe Gbogbo Ọkọ̀ tí Kò Sítáàtì ni Bátìrì Rẹ̀ Kú

Lọ́dọọdún nílùú Ọba, nígbà tí òtútù bá rọlẹ̀, tí àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ bá ṣí gáráàjì wọn lóṣù Kẹrin, gbólóhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́ nípa ọkọ̀ tí kò fẹ́ sítáàtì: “Bátìrì ló kú, ẹ lọ ra tuntun.” Ẹni tó ń sọ ọ́ lè má tíì dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà rárá. MGB ni màá fi ṣàlàyé, ìyẹn ọkọ̀ kékeré ológe tí wọ́n ṣe ní Abingdon láti 1962 títí di 1980, nítorí pé ó ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, èmi náà sì ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ tó láti mọ ibi tó ti ń ṣagídí.

Pé bátìrì tó ti wà lójú kan láti oṣù Kẹwàá lè rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn èèyàn kì í fetí sí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, tí kíkísítátà dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tó ń fà tìpá-tìkúùkù bí ẹni tó rẹrù gun òkè, ẹ lọ yẹ bátìrì wò. Bó bá jẹ́ pé kíkísítátà ń yí ẹ́ńjìnnì kíákíá, tí ẹ́ńjìnnì kàn kọ̀ tí kò gbaná, bátìrì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn tó ń dá bátìrì lẹ́bi á ní kíkísítátà lè gba gbogbo iná débi pé kò ní ṣẹ́ kù fún plọ́ọ̀gì, ìyẹn ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mítà kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn iná á parí àríyànjiyàn náà: bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi fóltì 12.6 hàn nígbà tó bá sinmi, bí kò bá sì wálẹ̀ ju 10 lọ nígbà tí kíkísítátà ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ti bá mi fa ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó kọ́kọ́ mú mítà dání.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń fa epo wá láti inú táǹkì MGB ní ohùn tirẹ̀. SU ni wọ́n ń pè é, iná ló ń lò, ìtòsí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ló sì wà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, epo inú kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, á ti gbẹ. Nígbà tí ẹ bá wá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ta kíkísítátà, ó yẹ kí ẹ gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́-kọ́ léraléra, kí ó máa falẹ̀ bí kabúrétọ̀ ti ń kún, kí ó sì dákẹ́. Bó bá dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn irin kékeré méjì tó ń fẹnu kan ara wọn nínú ẹ̀rọ náà ti dógùn-ún. Bó bá sì ń dún lọ ràì tí kò dáwọ́ dúró, bóyá atẹ́gùn ló ń fà, bóyá táǹkì ló gbẹ, bóyá epo ló ń ṣàn dànù níbì kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lẹ́yìn tó ti ra bátìrì tuntun tí ọkọ̀ rẹ̀ kò sì dáhùn. A yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́kẹ́ pa. Mo na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀, mo fi ìdí sukurudíráfà kan ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ló bá bẹ̀rẹ̀: kọ́-kọ́-kọ́. Ọ̀rẹ́ mi fa ṣóókù, ìyẹn ohun tó ń mú kí epo pọ̀ sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó ta kíkísítátà lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ sítáàtì tòun ti èéfín. Títí dòní ló ń sọ pé bátìrì tuntun náà dá sí i. Mi ò bá a jiyàn mọ́.

Epo pàápàá máa ń bà jẹ́. Apá tó fúyẹ́ jù, tó ń tètè gbaná, ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, E10 tí ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle, inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni epo tí wọ́n ń tà jù ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹtanọ́ọ̀lù ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5, tí ẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kì í ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ló dára jù fún irú ọkọ̀ yìí.

Síbẹ̀, mi ò lè búra pé àwọn tó ń dá bátìrì lẹ́bi kì í jàre rárá. MGB tí wọ́n ṣe kí 1974 tó parí ní bátìrì méjì tó jẹ́ fóltì 6 ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìjókòó, pẹ̀lú wáyà kan tó so wọ́n pọ̀. Ẹnu wáyà náà máa ń dípẹtà. Ẹni tó bá pààrọ̀ bátìrì gbọ́dọ̀ tú u, ó sì lè nù ún, ọkọ̀ á sítáàtì, bátìrì ni wọ́n á sì gbóríyìn fún.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da epo sí ẹnu kabúrétọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń ta kíkísítátà. Iná lè bú jáde lójijì, ojú yín ló sì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ rárá, ẹ fọwọ́ tẹ àwọn pọ́ọ̀pù rọ́bà tí epo ń gbà. Bí èyíkéyìí bá ti sán, tàbí tí òórùn epo bá ń jáde lábẹ́ ọkọ̀, ẹ tú wáyà orí bátìrì náà kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.