Bí restic ṣe ń pín ẹ̀dà ìpamọ́ sínú fódà 256

Ẹni tó bá ṣí ibi tí restic, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì, ń kó ẹ̀dà ìpamọ́ sí wò fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní rí orúkọ fáìlì kankan tó mọ̀ níbẹ̀. Ohun tí yóò rí ni fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ config, àti fódà márùn-ún: data, index, keys, locks àti snapshots. Bó bá wọ inú data, yóò tún bá fódà 256 mìíràn, tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí 00 títí dé orí ff, inú wọn sì ni gbogbo ẹrù wà. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni restic, Alexander Neumann ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ mọ bó ṣe ń pín ẹrù náà.

Restic kì í gbé fáìlì ńlá pamọ́ lódindi. Ó máa ń gé e, ègé tó kẹ́yìn nìkan ló sì lè kéré sí 512 KiB (KiB kan jẹ́ báìtì 1,024; KiB 1,024 ni MiB kan, MiB 1,024 ni GiB kan, GiB 1,024 sì ni TiB kan). Kò sí èyí tó ń ju 8 MiB lọ, ìwọ̀n tó ń lépa sì jẹ́ 1 MiB. Ohun tó wà nínú fáìlì náà ló ń sọ ibi tí yóò ti gé e: ètò náà ń wo báìtì 64 lẹ́ẹ̀kan, ó ń ṣírò lórí wọn bó ṣe ń sún síwájú, ibi tí èsì ìṣirò náà bá sì ti bá ìlànà rẹ̀ mu ni yóò gé. Nítorí náà, bí ènìyàn bá fi ìlà kan kún ìbẹ̀rẹ̀ ìwé gígùn kan, ègé tí ìlà náà bọ́ sí ni yóò yí padà; àwọn tó kù yóò sábà wà bí wọ́n ṣe wà, restic kò sì ní kó wọn pamọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn èyí, ó ń fún ègé kọ̀ọ̀kan pọ̀ kí ó má baà gba àyè púpọ̀, ó ń sọ ọ́ di àṣírí tí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kò lè kà, ó sì ń kó ègé púpọ̀ jọ sínú ìdì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 16 MiB. Ìdì yìí ni yóò wá di fáìlì nínú data. Orúkọ rẹ̀ kì í ti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni wá. Ìṣirò SHA-256 tí a ṣe lórí ohun tó wà nínú ìdì náà ló ń bí orúkọ ọ̀hún. Ì báà gùn, ì báà kúrú, ohunkóhun tí a bá fún ìṣirò yìí, àmì 64 ló máa ń dá padà, láti inú 0 dé 9 àti a dé f. Lẹ́tà mẹ́ta abc, fún àpẹẹrẹ, ń fúnni ní èsì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ba7816bf. Bí a kò bá sì fún un ní nǹkan kan rárá, èsì náà yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú e3b0c442. Àmì méjì àkọ́kọ́ ni fódà tí ìdì náà ń lọ: èyí tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ba, inú fódà ba ni yóò wọ̀. Níwọ̀n bí àmì kọ̀ọ̀kan ti lè jẹ́ ọ̀kan nínú 16, 16 lọ́nà 16 sì jẹ́ 256, iye fódà náà kò lè jẹ́ òmíràn.

Ọgbọ́n tó wà nínú èyí pọ̀ ju bó ṣe hàn lójú lọ. Èsì SHA-256 kì í ṣe ojúsàájú, nítorí náà, bí ìdì bá ti pọ̀, fódà kọ̀ọ̀kan yóò gba iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, láìsí ẹni tó ń ka èyí tó ti kún tàbí èyí tó ṣófo. Lórí 1 TiB, ìdì 16 MiB yóò jẹ́ 65,536, fódà kọ̀ọ̀kan yóò sì gba nǹkan bí 256.

Bí gbogbo wọn bá wà nínú fódà kan ṣoṣo ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo dísìkì tí a fi FAT32, ọ̀kan lára àwọn ìlànà tí a fi ń to fáìlì sórí dísìkì, tò. Fódà kan níbẹ̀ kò lè ní ju àyè àkọsílẹ̀ 65,536 lọ. Àyè kan sì ń gba àmì 13 nínú orúkọ gígùn, èyí túmọ̀ sí pé orúkọ tó ní àmì 64 yóò gba àyè márùn-ún, ọ̀kan yóò sì tún wà fún àkọsílẹ̀ fáìlì náà gan-an. Pẹ̀lú àyè mẹ́fà fún fáìlì kan, fódà náà kò lè gba fáìlì 11,000. Yóò ti kún kí ẹrù tó dé 171 GiB, bí dísìkì náà tilẹ̀ ṣì ní àyè rẹpẹtẹ.

Ṣùgbọ́n pípín sí fódà púpọ̀ kì í ṣe ààbò. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ìdì kọ̀ọ̀kan ní. Bí ẹnìkan bá kó fódà 00 dé 7f sórí dísìkì kan, tó sì kó 80 dé ff sórí òmíràn, méjèèjì yóò gba ìdajì ìdajì. Àmọ́ bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kì í ṣe ìdajì àwọn fáìlì ló lọ. Ègé fáìlì ńlá kan lè wà nínú ìdì púpọ̀ káàkiri àwọn fódà, àkọsílẹ̀ orúkọ fáìlì pẹ̀lú sì wà nínú àwọn ìdì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ìpalára náà kan gbogbo snapshot, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí àwọn fáìlì ṣe rí nígbà ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà kejì níláti ní ibi ìpamọ́ kejì, kó sì fi àṣẹ restic copy kó ẹrù lọ síbẹ̀. Ti àyẹ̀wò sì rèé: àṣẹ restic check --read-data yóò ka gbogbo ìdì, yóò tún ìṣirò SHA-256 ṣe lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi èsì rẹ̀ wé orúkọ tí fáìlì náà ń jẹ́.